ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ OLÓÒGBÉ JOEY DUNLOP, ÀGBÀ ALÙPÙPÙ ÀTI BÀBÁ ỌMỌ (1952–2000)

  Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, a máa ń mú ìtàn ẹnì kan tí ó ti lọ sí ìsinmi, a ó gbé e kalẹ̀ kí tọmọdé tàgbà kà á, kí àwa tí a wà lókè eèpẹ̀ lè rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Ẹni tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe wòlíì, kì í sì ṣe olówó tabua. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ará ìlú kékeré kan ní Àríwá Ireland, tí ó ti ibi gígun alùpùpù di ẹni tí ayé mọ̀, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí òkìkí náà gbé òun kúrò nílé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kàn wá kan ẹni tí ń sá eré ìje lórí alùpùpù. Ó kàn wá o. Kò sí agboolé tí alùpùpù kò dé láàárín wa. Láyé àwọn bàbá wa, òun ni tíṣà àti wolé-wolé fi ń káàkiri abúlé. Lóde òní, òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa fi ń ṣe ọ̀kadà, tí wọ́n fi ń bọ́ aya àti ọmọ. Nígbà tí ọkọ tàbí ọmọ bá gun alùpùpù jáde láàárọ̀, ọkàn ẹni tó kù sílé kì í balẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ìró rẹ̀ lálẹ́. Ohun tí ìtàn yìí dá lé gan-an nìyẹn: iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ràn, ilé tí ó fẹ́ràn, àti ewu tí ó dúró láàárín méjèèjì.

ÌBÍ ÀTI ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1952 ni a bí William Joseph Dunlop sí agbègbè ìlú Ballymoney, ní Antrim, ní Àríwá Ireland. William ni orúkọ tí ó ṣíwájú, ṣùgbọ́n Joey ni tilé-toko mọ̀ ọ́n sí títí tó fi kú. Ìlú kékeré ni Ballymoney, oko àwọn àgbẹ̀ àti pápá màlúù ló yí i ká. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni Joey ti ń rí bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì, bí a ti ń fọ̀ ọ́, àti bí a ti ń tò ó padà tí yóò sì dún. Ilé wọn kì í ṣe ilé olówó, ọmọ sì pọ̀ níbẹ̀. Méjì nínú àwọn àbúrò rẹ̀, Jim àti Robert, náà padà di eléré ìje alùpùpù.

Joey kì í ṣe ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìtìjú wà lára rẹ̀, ìtìjú náà kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Àwọn oníwèé ìròyìn tó gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ń rí gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Ní ọdún 1969, nígbà tó di ọmọ ọdún 17, ó kópa nínú eré ìje rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Maghaberry, lórí alùpùpù Triumph Tiger Cub kékeré kan tí agbára rẹ̀ kò ju 200cc lọ. Kò sí ẹni tó rí i lọ́jọ́ náà tó lè sọ pé ibi tí yóò dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká rántí irú àkókò tí ọdún 1969 jẹ́ ní ilẹ̀ wọn. Ọdún náà gan-an ni rògbòdìyàn gbiná láàárín àwọn ọmọ Kátólíìkì àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Bọ́ǹbù ń dún, ìbọn ń ró, àdúgbò ń bá àdúgbò ṣọ̀tá. Kí àdéhùn àlàáfíà tó wáyé ní ọdún 1998, àwọn tí ó kú lé ní 3,500. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Joey gbé dàgbà. Pùròtẹ́sítáǹtì ni, ṣùgbọ́n kò gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan kan. Lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ti ń sáré, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì jọ ń dúró ni, wọ́n jọ ń hó yèè bí ó bá ti ń kọjá. Ẹni tí kò lè jókòó bá ẹnì kejì rẹ̀ nílé, ó lè dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti wo Joey. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

ÌGBÉYÀWÓ ÀTI ÌDÍLÉ RẸ̀

Ní ọdún 1972 ni Joey gbé Linda níyàwó. Ọmọ ogún ọdún ni ọkọ. Ọlọ́run fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin méjì. Owó eré ìje nígbà náà kò tó gbọ́ bùkátà. Iṣẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi ni Joey fi ń bọ́ ilé, tí yóò fi ọ̀sán ṣiṣẹ́, tí yóò sì fi òru tún alùpùpù ṣe. Nígbà tó yá, òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ilé ọtí kan ní Ballymoney. Ilé ọtí ni, a kò ní fi bò. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kan dé òkè òkun pàápàá, àlejò tó bá wọlé lè bá òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn káńtà.

Ẹ gbọ́ ná o. Ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ni à ń sọ yìí. Bí ó bá fẹ́, ìbá ti kó lọ sí ìlú ńlá, ìbá máa tẹ̀lé àwọn gbajúmọ̀ kiri láti pápá ìṣeré kan dé òmíràn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ballymoney ló bí i, Ballymoney ló ti gbéyàwó, Ballymoney ló ti tọ́ ọmọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Gàráàjì tó ti ń tún alùpùpù rẹ̀ ṣe kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá fún un ní mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, Joey á tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ gbogbo ìdè wò. Ẹ̀mí rẹ̀ ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ó sì mọ̀ pé ọmọ márùn-ún wà nílé.

BÍ Ó TI DI ÌLÚMỌ̀Ọ́KÁ

Ní àwọn ọdún tí 1980 kò tíì dé, Joey àti àwọn mẹ́ta mìíràn kó ara wọn jọ, àwọn ará Ireland sì sọ wọ́n ní Armoy Armada, nítorí abúlé Armoy tó wà nítòsí wọn. Àwọn mẹ́ta náà ni Jim àbúrò rẹ̀, Frank Kennedy, àti Mervyn Robinson tó jẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n Joey. Wọ́n jọ ń rìn, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn figagbága.

Àmọ́ ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọdún 1979, Frank Kennedy fara pa níbi eré ìje North West 200, ó sì kú lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1980, níbi eré ìje kan náà, Mervyn Robinson kú. Mẹ́rin kù méjì. Joey rí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tó di opó. Èrò pé kí òun fi eré náà sílẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ta ni kò ní rò ó? Ṣùgbọ́n kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Isle of Man. Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti wá kún gan-an.

ERÉKÙṢÙ ISLE OF MAN

Erékùṣù kékeré kan ni Isle of Man, láàárín omi tó ya Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń ṣe eré ìje alùpùpù tí wọ́n ń pè ní Tourist Trophy níbẹ̀. TT ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kì í ṣe pápá tí a là fún eré. Títì tí àwọn ará ìlú ń gbà lọ sọ́jà ni. Wọ́n kàn ń tì í pa fún àkókò eré ni. Yíyí rẹ̀ kan ṣoṣo lé ní máìlì 37, kọ́nà rẹ̀ sì ju 200 lọ. Ó gba àárín ilé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri olókùúta, ó gun òkè lọ sí ibi tí kùrukùru ti ń bo ojú ọ̀nà, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ṣìṣe níbẹ̀, ògiri tàbí òpó iná ni yóò gbà á. Láti ọdún 1911 tí wọ́n ti ń lo ọ̀nà orí òkè yìí, àwọn eléré tó ti kú síbẹ̀ lé ní 250.

Ọdún 1976 ni Joey kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1977 ó gba ipò kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú eré tí wọ́n fi ṣe àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Ọbabìnrin Elizabeth gun orí ìtẹ́. Èyí tó mú kí gbogbo ènìyàn la ojú wò ó ni ti ọdún 1980, lẹ́yìn ikú Mervyn. Alùpùpù Yamaha ló gùn, wọ́n sì fi táǹkì ńlá sí i kí ó má baà máa dúró gba epo lemọ́lemọ́. Eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni okùn tó di táǹkì náà mú já. Ẹlòmíràn ìbá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Orúnkún méjèèjì ni Joey fi há táǹkì náà mọ́ra, tó fi ń gun òkè, tó fi ń sọ̀ kalẹ̀, tó fi ń ya kọ́nà, títí eré fi parí. Òun náà ló gba ipò kìíní. Ẹ ò rí nǹkan!

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan gbà á sínú ẹgbẹ́ wọn, ní ọdún 1981. Láti ọdún 1982 títí dé 1986, ọdún márùn-ún léraléra, òun ló ń gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti TT Formula One. Àṣíborí aláwọ̀ ìyeyè ló máa ń dé. Bí àwọn ọmọdé bá ti rí àwọ̀ ìyeyè náà lókèèrè, wọ́n á ti mọ̀ pé Joey ló ń bọ̀.

Ní ọdún 1985 ni ikú kọ́kọ́ nawọ́ sí òun fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Isle of Man forí sọ àpáta ní Strangford Lough, ó sì rì. Àwọn adóòlà orí omi ló yọ gbogbo wọn láàyè; àwọn òmùwẹ̀ ló lọ yọ àwọn alùpùpù nísàlẹ̀ omi. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú tí ìbá pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Joey dúpẹ́ tirẹ̀, ó gbéra, ó dé Isle of Man, ó sì gba ipò kìíní nínú eré mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1988 ó tún gba mẹ́ta.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989, ó ṣubú ní Brands Hatch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Kò lè lọ sí TT ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó ti parí fún un. Ọdún mẹ́ta kọjá tí kò gba ipò kìíní kankan níbẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ ro, ó ń tún ara rẹ̀ kọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di ọdún 1992 tó gba ìkẹrìnlá. Mike Hailwood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ló ti gba mẹ́rìnlá rí. Ní ọdún 1993 Joey kọjá rẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ ALÁÌNÍ

Bí ìtàn Joey bá parí síbi ife-ẹ̀yẹ, bóyá a kò ní kọ ọ́ sínú ìwé yìí. Eléré ìje pọ̀ láyé. Ohun tó mú wa yan ọkùnrin yìí ni ohun tó ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Romania, ìjọba Ceaușescu ti ṣòfin ní ọdún 1966 tó de oyún ṣíṣẹ́, nítorí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn pọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Àwọn òbí bí ọmọ tí apá wọn kò ká, ìjọba sì ń gba àwọn ọmọ náà sí ilé ìtọ́jú. Nígbà tí ìjọba náà wó ní oṣù kejìlá ọdún 1989, tí àwọn àlejò lè wọ ibẹ̀, ohun tí ojú rí kò ṣeé sọ tán. Àwọn ọmọ tó lé ní 100,000 wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò rí oúnjẹ tó tó jẹ, wọn kò rí aṣọ òtútù, wọn kò rí ẹni tí yóò gbé wọn mọ́ra.

Joey gbọ́. Kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò pe oníwèé ìròyìn. Ọkọ̀ tó fi ń kó alùpùpù lọ sí eré ìje, òun náà ló kó oúnjẹ, aṣọ àti àwọn ohun èlò ọmọdé sí, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì wà á láti Ballymoney lọ sí Romania, ìrìn àjò tó ju máìlì 1,500 lọ ní àlọ nìkan. Ọ̀pọ̀ ìgbà òun nìkan ni. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí ogun ba Bosnia jẹ́, ó kó ẹrù lọ síbẹ̀. Ó kó lọ sí Albania pẹ̀lú. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó máa ń sùn sí lójú ọ̀nà, tí ilẹ̀ bá mọ́, á tún máa lọ. Bàbá ọmọ márùn-ún ni. Ó mọ bí ọmọ tó ti jẹun yó ṣe ń sùn, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọ tí òun ń lọ bá kò rí irú oorun bẹ́ẹ̀ sùn.

Ní ọdún 1986 ìjọba Ìlú Ọba ti fún un ní oyè MBE nítorí eré ìje. Ní ọdún 1996 wọ́n tún fún un ní OBE, èyí sì jẹ́ nítorí iṣẹ́ àánú yìí. A kò gbọ́ pé oyè yí ìwà rẹ̀ padà. Ilé rẹ̀ ló padà sí, àti ẹ̀yìn káńtà rẹ̀, àti gàráàjì rẹ̀.

ỌDÚN TÓ KẸ́YÌN

Nígbà tó di ọdún 2000, Joey ti di ẹni ọdún 48. Àwọn tó ń bá a sáré, ọ̀pọ̀ wọn lè pè é ní bàbá. Láti ọdún 1988 kò tíì gba ipò kìíní mọ́ nínú eré Formula One, èyí tó jẹ́ ti àwọn alùpùpù ńlá. Àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí bàbá lọ máa gun àwọn kékeré nìkan. Honda fún un ní ẹ̀rọ tó lágbára lọ́dún náà, Joey sì gùn ún. Ó gba ipò kìíní. Ó tún gba ti 250cc. Ó tún gba ti 125cc. Mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan, bíi ti ọdún 1985 àti ọdún 1988. Nínú eré Senior tó kẹ́yìn, ipò kẹta ló ṣe, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ló ti sá eré tó yá jù lọ ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ lórí ọ̀nà náà: máìlì 123.87 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé ó yí máìlì 37 àti àbọ̀ tó lé díẹ̀ náà ká láàárín ìṣẹ́jú 18 àti díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, 26, tí ẹnikẹ́ni kò ní irú rẹ̀ rí nígbà náà.

Ì bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí ó tún kó alùpùpù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì wà á lọ sí Tallinn, olú ìlú ilẹ̀ Estonia. Ó ti gba ipò kìíní nínú eré méjì níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2000, ọjọ́ Ìsinmi, ó wọ eré kẹta, ti 125cc. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà ń yọ̀, igi sì wà lẹ́bàá títì. Òun ló wà níwájú. Alùpùpù yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbá igi, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ.

Ní ọjọ́ keje oṣù náà ni wọ́n sin ín sí ìtẹ́ òkú ìjọ Presbyterian ní Garryduff, nítòsí Ballymoney. Ìlú tí kò tó nǹkan yìí gba bí 50,000 ènìyàn lálejò lọ́jọ́ náà. Àwọn alùpùpù tò lọ bí eéṣú. Kátólíìkì wá, Pùròtẹ́sítáǹtì wá, ọlọ́lá wá, mẹ̀kúnnù wá. Ọdún méjì péré ni àdéhùn àlàáfíà wọn pé nígbà náà, ọgbẹ́ kò tíì jinná, síbẹ̀ wọ́n jọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà kan náà, wọ́n jọ sunkún.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN RẸ̀

Wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Ballymoney, wọ́n sì gbé òmíràn kalẹ̀ lórí òkè ní Isle of Man, níbi tó ti jókòó sórí alùpùpù tó ń wo ọ̀nà tó ti sáré fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n tún dá àjọ àánú kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ ní Isle of Man, tó ń pèsè ilé fún àwọn aláàbọ̀ ara tó bá wá ṣe ìsinmi níbẹ̀. Èyí yẹ ẹ́ jù ère lọ lójú tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹkún kò tán ní ìdílé náà. Ní ọdún 2008, Robert àbúrò rẹ̀ kú níbi ìdánrawò eré North West 200. Ní ọdún 2018, William ọmọ Robert kú níbi ìdánrawò eré mìíràn ní Ireland. Michael, ọmọ Robert kejì, ṣì ń sáré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, òun ló kọjá 26 tí Joey fi sílẹ̀. Inú dùn, ojú sì tún ń ro omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé yìí ti rí láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ìbéèrè kan wà tí a kò lè fò dá. Báwo ni ẹni tó fẹ́ràn aya àti ọmọ tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí ó ti sin ọ̀rẹ́, tó sì ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó di opó? Àwọn kan yóò ní kò fẹ́ràn wọn tó. A kò fara mọ́ ìyẹn; ìgbésí ayé rẹ̀ ta kò ó. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ rẹ̀ ni, àti pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú títì wa pàápàá ń fi ẹ̀mí wewu. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Aya rẹ̀ di opó ní ọjọ́ tí kò rò. Ọmọ márùn-ún kò rí bàbá mọ́. Ohun tí òkìkí gbé wá, kò tó láti fi dí àyè náà. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun alùpùpù, ẹ rò ó dáadáa. Joey ní ọgbọ́n ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní, ó ń dé àṣíborí, ó ń yẹ gbogbo ìdè wò, síbẹ̀ òjò kan ṣoṣo ló gbà á. Àwa tí a ń sáré láìdé nǹkan kan lórí, tí a ń kó ènìyàn mẹ́ta sẹ́yìn, kí la gbójú lé?

Ṣùgbọ́n bí a bá fi ikú rẹ̀ nìkan wọ̀n ọ́n, a kò ṣe ẹ̀tọ́. Ọjọ́ tí ènìyàn yóò lò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí yóò ti lò ó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Joey lo tirẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Òkìkí kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò jẹ́ kí ó lé aya àti ọmọ jáde. Ìlú rẹ̀ pín sí méjì, kò bá wọn pín in. Ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ń sunkún ní ilẹ̀ tí kò mọ èdè wọn, ó di ẹrù, ó sì lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àánú tó kó lọ sí Romania, ilé rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa kò ní rántí gbogbo ife-ẹ̀yẹ tí a gbà níta. Wọn yóò rántí pé a wà nílé, àti ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lójú wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó kù lọ́wọ́ wa nígbà tí ọjọ́ ṣì wà. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti ààbọ̀ gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà, kí ó sì tu àwọn opó àti ọmọ aláìníbaba nínú níbi gbogbo. Kí ọkàn Joey Dunlop máa sinmi ní àlàáfíà. Àmín.